Géèmù tí wọ́n tà láìjinná: ọ̀dọ̀ ta ni àtúnṣe rẹ̀ dé?

Bí ènìyàn bá jókòó pẹ́ díẹ̀ ní ilé géèmù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù, pàápàá lásìkò Iléyá tí àwọn ọmọ tó ń gbé Èkó bá wálé fún Ojúde Ọba, àríyànjiyàn kan wà tí kò ní ṣàì gbọ́. Ẹnì kan á ní géèmù báyìí-báyìí ti dára, pé ẹni tó bá pa á tì lọ́dún tó jáde, kó tún padà lọ wò ó. Ẹlòmíràn á ní òun kò ní fọwọ́ kan páàdì nítorí rẹ̀ láéláé, nítorí pé ẹni tó ta ọjà tí kò tíì jinná fún ènìyàn, tó sì mọ̀ pé kò tíì jinná, kò yẹ kí wọ́n máa yìn ín nítorí pé ó padà wá dáná sí i. Ọ̀rọ̀ náà kì í tán síbẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín bí irú géèmù bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣubú, bó ṣe ń dìde, àti ìbéèrè kan tí mo rí i pé àwọn olùyìn àti àwọn olùbínú kì í sábà bèèrè: nígbà tí àtúnṣe bá dé, ṣé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gba owó wọn ló dé?

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gàrí Ìjẹ̀bú yóò tètè lóye ibi tí géèmù ti yàtọ̀ sí ọjà yòókù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́ tán, inú àpò ni wọ́n ń dì í sí, wọn á gbé nǹkan wúwo lé e kí omi rẹ̀ lè jáde, wọn á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan dáadáa kí wọ́n tó kù ú, kí wọ́n tó yan án. Ẹni tó bá yan án lọ́jọ́ kejì nítorí pé ọjọ́ ọjà ti kò, gàrí ló yan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gàrí Ìjẹ̀bú, kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà fi kíkan ránṣẹ́ sínú gàrí tó ti wà nínú ike oníbàárà nílé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni géèmù ṣe rí tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1982, ilé-iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi géèmù tí wọ́n yọ láti inú fíìmù E.T. bá ọjà Kérésì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n sì fún ẹni tó ṣe é. Kátíríìjì tí kò tà pọ̀ débi pé wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn lọ sin sí ààtàn kan ní Alamogordo ní ìpínlẹ̀ New Mexico lọ́dún 1983, àwọn tó lọ gbẹ́ ibẹ̀ lọ́dún 2014 sì bá wọn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ti fi sínú kátíríìjì, kò sẹ́ni tó lè yí i padà mọ́.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló yí ìyẹn padà. Nígbà tí PS3 àti Xbox 360 fi dé, ó ti di ohun tó wọ́pọ̀ pé kí ẹ̀rọ géèmù fúnra rẹ̀ lọ gba àtúnṣe wálé, kó sì fi tuntun rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Oore ńlá ni, nítorí pé kò sí géèmù tí kò ní àléébù kankan lọ́jọ́ tó jáde. Ṣùgbọ́n ó tún ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ní iṣẹ́ tí kò tíì parí lọ́wọ́, tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún àwọn olùdókòwò sì ti dé, láti sọ fún ara wọn pé kí wọ́n gbé e jáde bó ṣe wà, pé àwọn yóò máa tún un ṣe bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

Èyí tí àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni No Man's Sky. Hello Games, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Guildford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é, Sean Murray sì ni ọ̀gá wọn. Láti ìparí ọdún 2013 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi géèmù náà han aráyé ni wọ́n ti ń sọ pé ẹni tó bá ń gbá a yóò lè wakọ̀ òfurufú láti pílánẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn, àti pé iye pílánẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 18,446,744,073,709,551,616, nítorí pé ìṣirò kọ̀ǹpútà ló ń dá wọn sílẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn. Bí àwọn oníròyìn ṣe ń bi Murray ní ìbéèrè ni ìlérí ń pọ̀ sí i, ó sì fi yé àwọn ènìyàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹni méjì pàdé nínú ayé náà, bó ti wù kó tóbi tó. Géèmù náà jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Kò pẹ́ rárá tí ẹni méjì fi wá ara wọn dé pílánẹ́ẹ̀tì kan náà, tí wọ́n dúró sí ojú kan náà, tí ẹnì kìíní kò sì rí ẹnì kejì. Ẹyin lohùn. Àwọn tó ra géèmù náà bínú gidigidi, ọ̀pọ̀ ní kí wọ́n dá owó àwọn padà, àwọn kan sì fi ẹjọ́ sun àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ náà ṣe ìwádìí, tó sì sọ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà pé ìpolówó tó wà lórí Steam, ilé ìtajà géèmù kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò rú òfin.

Ohun tí Hello Games ṣe lẹ́yìn náà ni mo gbà pé ó sọ wọ́n di ẹni ọ̀tọ̀. Wọ́n pa ẹnu mọ́ fún oṣù mélòó kan, wọn kò ṣe ìlérí tuntun kankan, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Àtúnṣe ńlá àkọ́kọ́ dé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Èyí tí wọ́n pè ní NEXT dé ní oṣù Keje ọdún 2018, òun ló sì mú kí àwọn ènìyàn lè rí ara wọn kí wọ́n sì jọ rìn nínú géèmù náà bí wọ́n ti retí rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti ra géèmù náà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ní The Game Awards gẹ́gẹ́ bí géèmù tí ìtọ́jú rẹ̀ dára jù lọ lẹ́yìn ìjáde, nígbà tó sì fi di ìparí ọdún 2024, àròpọ̀ èrò àwọn tó rà á lórí Steam, títí kan gbogbo ìbínú ọdún 2016, ti yí padà sí rere pátápátá. Ẹni tó rà á sórí PS4 ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ń rí àtúnṣe wọ̀nyí gbà sórí PS4 kan náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kókó yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sórí rẹ̀.

Cyberpunk 2077 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù nínú gbogbo wọn. CD Projekt ti Warsaw ní ilẹ̀ Poland ló ni ín, ilé-iṣẹ́ tí àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994 láti ibi títa síìdì géèmù tó ń wá láti òkè òkun, tí wọ́n sì ti fi iṣẹ́ rere gba orúkọ láàárín àwọn tó ń gbá géèmù. Láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń kéde Cyberpunk. Wọ́n dá ọjọ́ fún un ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n sún un sí oṣù Kẹsàn-án, wọ́n tún sún un sí oṣù Kọkànlá, kí wọ́n tó wá gbé e jáde ní 10 oṣù Kejìlá. Àwọn ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 8 ti sanwó sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn oníròyìn tí wọ́n fún ní géèmù náà láti yẹ̀ wò ṣáájú, ẹ̀dà ti kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n rí gbà. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n rí ẹ̀dà ti PS4 àti Xbox One. Nígbà tí ọjọ́ náà pé ni aráyé tó rí ìdí rẹ̀. Lórí PS4, géèmù náà ń dúró, ó ń kú lójijì, ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kì í tètè hàn, ọkọ̀ ń fò sókè láìnídìí. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tó jáde tí Sony, àwọn tó ni PS4, fi yọ ọ́ kúrò ní PlayStation Store, ilé ìtajà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ní kí ẹni tó bá rà á níbẹ̀ wá gba owó rẹ̀. Ó ju oṣù mẹ́fà lọ kí ó tó padà síbẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, pẹ̀lú ìkìlọ̀ láti ọ̀dọ̀ Sony pé ẹ̀dà PS4 ṣì lè máa fa wàhálà. Marcin Iwiński, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀, ti jáde nínú fídíò ní oṣù Kìn-ín-ní láti tọrọ àforíjì.

Títún un ṣe gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Eré àfọwọ́yà kan tí wọ́n fi ayé inú Cyberpunk ṣe, tí wọ́n sì gbé jáde lórí Netflix ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ló kọ́kọ́ tún fa ojú àwọn ènìyàn padà, lẹ́yìn náà ni àtúnṣe tí wọ́n pè ní 2.0 dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, tó tún ọ̀nà ìjà, àwọn ọlọ́pàá inú géèmù àti bí ènìyàn ṣe ń dàgbà nínú rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Phantom Liberty, ìtàn tuntun tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, tẹ̀ lé e nínú oṣù kan náà. Ọdún náà ni Cyberpunk gba irú àmì-ẹ̀yẹ tí No Man's Sky gbà ní 2020. Iye tí wọ́n ti tà kọjá mílíọ̀nù 25 kí ọdún 2023 tó parí, ó sì ti lé ní mílíọ̀nù 30 nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: àtúnṣe 2.0 yẹn kò dé orí PS4 àti Xbox One. Nígbà tó jáde ní 2023, kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀rọ tuntun, ìyẹn PS5 àti Xbox Series, nìkan ló wà fún. Phantom Liberty náà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí géèmù náà kọ́kọ́ ṣe léṣe jù lọ, tó jẹ́ pé nítorí ẹ̀rọ tiwọn ni gbogbo aráyé ṣe gbọ́ pé ó bàjẹ́, àwọn gan-an ni àtúnṣe tó gba ìyìn kò kàn. Àwọn tó ṣe é sọ pé ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè gbé e, ìyẹn sì lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí PS4 kò bá lè gbé e ní 2023, kí ló dé tí wọ́n fi tà á fún àwọn tó ní PS4 ní 2020? Mo ti gbá ẹ̀dà tó wà lórí PS5 ní ilé mọ̀lẹ́bí kan, mo sì lè sọ pé iṣẹ́ ńlá ni, ìlú inú rẹ̀ lẹ́wà, ìtàn rẹ̀ sì ń múni lọ́kàn. Ìyẹn kò dáhùn ìbéèrè yẹn.

Bí a bá fẹ́ rí ẹni tó gbà pé òun ti ṣìnà pátápátá, ilẹ̀ Japan ni ká lọ. Nígbà tí Square Enix gbé Final Fantasy XIV, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń san owó oṣooṣù fún, jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, ó burú débi pé wọn kò gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá a fún ọdún kan ó lé. Wọ́n pààrọ̀ olórí, wọ́n fi Naoki Yoshida sípò, Yoshida sì sọ lẹ́yìn náà bí wọ́n ṣe lo agbára ẹ̀rọ dànù nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, tó fi jẹ́ pé ìkòkò òdòdó lásán ń gba agbára tó tó ti ènìyàn kan nínú géèmù náà. Wọn kò wulẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn. Wọ́n mú kí òṣùpá kan já lu ayé inú géèmù náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, wọ́n sì tún ayé mìíràn kọ́ lórí àwókù náà tí wọ́n ṣí ní 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2013, lábẹ́ orúkọ A Realm Reborn. Ó ṣì ń lọ títí di òní.

Ní ìlú tiwa, géèmù bọ́ọ̀lù ni ilé géèmù fi ń jẹun. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́kọ́ di páàdì mú nítorí Winning Eleven lórí PS2, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì wà tó ń pààrọ̀ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sínú rẹ̀ bí sáà tuntun bá ti dé, tí wọ́n ń dà á kọ sórí síìdì fún títà. Konami ló ni géèmù náà. Ní 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí eFootball, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù olókìkí wọ́ wìwọ̀, ọwọ́ ń wọ inú ara, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án péré ni ènìyàn lè lò, láàárín ọjọ́ kan ó sì ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá lórí Steam. Konami tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì gbé èyí tí wọ́n pè ní 1.0.0 jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ó sunwọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ẹni tó ni ilé géèmù mọ̀ dáadáa: Winning Eleven kò béèrè dátà, ẹni tó bá ti ní síìdì àti jẹnẹrétọ̀ ti ní gbogbo rẹ̀, eFootball ní láti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kì í ṣe gbogbo èyí tó ṣubú ló ń dìde. BioWare àti EA gbé Anthem jáde ní oṣù Kejì ọdún 2019, wọ́n ṣèlérí láti tún un ṣe, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì ní oṣù Kejì ọdún 2021, EA sì kéde pé 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026 ni àwọn yóò ti sáfà rẹ̀ pa, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà tí géèmù náà ní láti kàn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè ṣiṣẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ní síìdì rẹ̀ lọ́wọ́ kò ní nǹkan kan mọ́. Concord ti Sony kò lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ló jáde, 6 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n dá owó gbogbo ènìyàn padà, wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pa nínú ọdún kan náà.

Kí ló ya àwọn tó dìde sọ́tọ̀ sí àwọn tí kò dìde? Àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìfẹ́ iṣẹ́ ni, ìfẹ́ iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó náà. No Man's Sky tà gidigidi ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, àwọn tó sì ń ṣe é kò pọ̀ rárá, nítorí náà owó yẹn lè bọ́ wọn fún ọdún gbọọrọ. Cyberpunk ti tà tó mílíọ̀nù 13 kí ọjọ́ mọ́kànlá tó pé, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àwọn tó gba owó wọn padà kúrò. Èyí túmọ̀ sí pé owó àwọn tí wọ́n já kulẹ̀ ni wọ́n fi tún géèmù náà ṣe fún àwọn tó rà á lẹ́yìn. Ẹni tó ra Cyberpunk ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 di olùdókòwò láìmọ̀, láìní ìpín kankan nínú èrè. Ẹni tó dúró títí di ọdún 2024 ra ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní iye tó kéré. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá wá ń jiyàn ní ilé géèmù, ọjà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n ń sọ, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn kì í fi í wọ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ sọnù nínú ọ̀rọ̀ yìí. CD Projekt ti sọ ní ọdún 2019 pé àwọn kò ní fipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ kọjá àsìkò, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìjáde ṣe ń sún mọ́lé ní ọdún 2020, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa wá ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Àwọn ọwọ́ kan náà tó rẹ̀ nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló padà tún un ṣe. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń bú àwọn tó kọ kóòdù, inú mi kì í dùn, nítorí pé kì í ṣe àwọn ló dá ọjọ́ ọjà.

Lọ́dọ̀ wa, àtúnṣe ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń gbé ní Guildford lè fi àtúnṣe tó jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ gígábáìtì sílẹ̀ lálẹ́, kó jí bá a ní òwúrọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgó-Ìwòyè tàbí ní Ìlíṣàn ní láti ra dátà, kó dúró de iná, kó sì máa gbàdúrà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má já ní agbede méjì. Iye tó ná lórí dátà fún àtúnṣe méjì tàbí mẹ́ta lè sún mọ́ iye tí wọ́n ń ta síìdì àlòkù. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń lo àkáǹtì tí a ṣí sí Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń fi káàdì tí a rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn sanwó. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó ṣeé lò, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti dá èyí tí kò ṣeé lò padà. Ṣùgbọ́n síìdì tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta láti Èkó kí ó tó dé Ṣàgámù, tí kò ní rìsíìtì, ta ni ènìyàn yóò dá a padà fún? Owó tí Sony dá padà ní 2020, fún àwọn tó rà á ní PlayStation Store ni.

Nítorí náà, mo gbà pẹ̀lú àwọn tó ń yin iṣẹ́ Hello Games, nítorí pé àtúnṣe wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ tó fún wọn lówó, lórí ẹ̀rọ kan náà tó fi rà á. Mo sì gbà pẹ̀lú ẹni tó ní PS4 tó kọ̀ láti yin Cyberpunk, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Síìdì PS4 tó jáde ní ọdún 2020 ṣì ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ níhìn-ín. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ nígbà náà ló ṣì wà lára rẹ̀, bí ẹni tó rà á kò bá sì ní dátà tí yóò fi gba àwọn àtúnṣe tó kù fún PS4, géèmù oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni yóò máa gbá.